Sùúrù Kọ́ Ni Ká Káwọ́ Gbera

Ẹ̀yin ènìyàn mi, ìmẹ́lẹ́ ni a ń pè ní sùúrù. Ní àdúgbò wa ní Sùúrùlérè, ọ̀rá omi ti dí gọ́tà pa. Bí òjò bá rọ̀ tí omi wọlé, a ó ní, "Ìjọba kò ṣe nǹkan, ó dọwọ́ Ọlọ́run." Èmi náà ti sọ bẹ́ẹ̀ rí, ọ̀rá tí mo jù nù sì wà nínú gọ́tà náà.

Ní Oṣù Kọkànlá ọdún 2016 ni ìjọba Èkó fòpin sí ìmọ́tótó oṣooṣù tó ń há wa mọ́lé láti aago 7 sí 10 àárọ̀ ọjọ́ Àbámẹ́ta tó gbẹ̀yìn oṣù. Inú wa dùn. Ṣùgbọ́n ta ló ní ká sọ ṣọ́bìrì nù? Ṣé dandan ni kí ọlọ́pàá lé wa ká tó gbá ẹnu ọ̀nà ara wa?

N kò ní kí ìjọba má ṣe tirẹ̀. Odò ńlá kọjá agbára ará àdúgbò. Ẹ má sì fi orí ṣe àwáwí. Yorùbá gbà pé ẹni tó yan orí rere ṣì nílò ẹsẹ̀ tí yóò gbé e débẹ̀.

Ní Àbámẹ́ta tó ń bọ̀, èmi yóò bọ́ síta. Ẹ̀yin ńkọ́?