Ohùn Àwọn Àgbà àti Kọ̀ǹpútà Àtijọ́

Nígbà tí ilé-ẹ̀kọ́ bá ń ṣe àjọ̀dún, ìbéèrè kan kì í pẹ́ jáde láàrin àwa akẹ́kọ̀ọ́jáde: kí ni a ó fi ta ilé-ẹ̀kọ́ wa lọ́rẹ? Lọ́tẹ̀ yìí, kọ̀ǹpútà tuntun ni ó wà lẹ́nu ọ̀pọ̀lọpọ̀. A kò bá ẹnikẹ́ni jiyàn lórí rẹ̀. Láti ọdún 2015 ni àjọ JAMB ti ń fi kọ̀ǹpútà ṣe gbogbo ìdánwò àṣewọlé rẹ̀, òbí tí ó bá sì ní ọmọ ní kíláàsì ìparí mọ ohun tí èyí túmọ̀ sí. Ṣùgbọ́n a fẹ́ gba ẹnu àwọn kọ̀ǹpútà àtijọ́ sọ̀rọ̀, àwọn tí a ti tì sí ìdí ògiri tí a sì ń múra láti kó dànù. Iṣẹ́ kan wà fún wọn tí wọ́n lè ṣe láìjẹ́ pé a fi tuntun rọ́pò wọn, iṣẹ́ náà kò sì lè dúró de àjọ̀dún mìíràn.

Iṣẹ́ náà ni gbígba ohùn àwọn àgbà wa sílẹ̀. Ní Obbo-Ilé, àti ní gbogbo ìlú tí ó yí wa ká títí dé Ọ̀sì àti Ìlọfà, àwọn tí ó mọ bí ìyìn rere ṣe dé, àwọn tí ó gbé amọ̀ fún ògiri kíláàsì àkọ́kọ́, àwọn tí ó mọ orin tí a ń kọ ní oko àti ní ibi ìgbéyàwó kí dùrù tó dé, ń lọ lọ́kọ̀ọ̀kan. Àwa tí a ń ka ìwé òkú lórí ibojì mọ iye ìgbà tí a ti ń sin ìtàn pọ̀ mọ́ ẹni tí ó ni ín. Èdè àdúgbò wa náà ń bá wọn lọ. Ẹ̀ka-èdè Èkìtì, tí tiwa jẹ́ ìbátan rẹ̀, a máa fi ‘u’ bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀ tí ìwé ń fi ‘i’ bẹ̀rẹ̀. ‘Ulé’ ni ilé. Àwọn ọmọ wa tí a bí sí Ìlọrin, Èkó àti Àbújá kì í sọ bẹ́ẹ̀ mọ́, ìwé Yorùbá tí a fi kọ́ wọn ní kíláàsì kò sì kọ ọ́ bẹ́ẹ̀. Bí kò bá sí nínú ìwé, tí kò sì sí lẹ́nu ọmọ, níbo ni yóò kù sí?

Ẹ jẹ́ kí a wo àpẹẹrẹ méjì. Areogun, ọmọ Ọ̀sì, tí ó kú ní nǹkan bí ọdún 1954, jẹ́ ọ̀kan nínú àwọn agbẹ́gilére tí ayé mọ̀ jù lọ ní ilẹ̀ Yorùbá. Ọmọ rẹ̀, Bandele, wà lára àwọn tí ó ṣiṣẹ́ ní ilé-iṣẹ́ ọnà tí Fadá Kevin Carroll bójú tó ní Ọyẹ́-Èkìtì láti ọdún 1947. Iṣẹ́ ọwọ́ Areogun wà títí di òní. Ènìyàn lè dúró níwájú ilẹ̀kùn tí ó gbẹ́ kí ó máa wò ó. Ṣùgbọ́n igi náà kò lè sọ fún wa bí ẹni tí ó gbẹ́ ẹ ṣe ń pe orúkọ àwọn irinṣẹ́ rẹ̀, tàbí ohun tí ó ń sọ fún ọmọ-iṣẹ́ tí ó bá gé igi kọjá ààlà. Igi a máa dúró. Ohùn kì í dúró àyàfi tí ènìyàn bá dá a dúró.

Àpẹẹrẹ kejì ni Àlùfáà Josiah Jesse Ransome-Kuti ti Abẹ́òkúta. Ní ọdún 1922, nígbà tí ó lọ sí Lọ́ńdọ̀nù, ilé-iṣẹ́ Zonophone gba orin ẹ̀mí rẹ̀ ní èdè Yorùbá sílẹ̀ sórí àwo, iye wọn sì ju 40 lọ. Ó sùn nínú Olúwa ní ọdún 1930. Ó ti lé ní 100 ọdún tí ó ti kọ àwọn orin náà, síbẹ̀ a ṣì lè gbọ́ ohùn rẹ̀ gan-an àti bí ó ṣe ń gbé ohùn sókè tí ó ń sọ ọ́ kalẹ̀. Kì í ṣe pé ó jẹ́ olùkọrin ju gbogbo àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ lọ ni ó fà á. Ẹnìkan gbé ẹ̀rọ síwájú rẹ̀, ó sì tọ́jú ohun tí ẹ̀rọ náà gbà.

Ẹlòmíràn yóò wí pé, ‘Ṣé fóònù kò lè gba ohùn sílẹ̀ ni?’ Ó lè gbà á, ó sì sàn kí a fi fóònù gbà á ju kí a má gbà á rárá lọ. Ṣùgbọ́n ẹ rántí ohun tí ó wà nínú Ìwé Àwọn Onídàájọ́, orí 12. Àwọn ará Gílíádì dúró ní ìwọdò Jọ́dánì, wọ́n ní kí ẹni tí ó fẹ́ kọjá pe ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo, àwọn ará Éfúráímù sì pe ‘s’ níbi tí ó yẹ kí wọ́n pe ‘ṣ’. Ẹgbẹ̀rún 42 ni ó kú ní àkókò náà. Ìyàtọ̀ ‘s’ àti ‘ṣ’ kò tóbi létí, òun náà sì ni ó ya ‘ó sá a’ (ó tẹ́ ẹ sí oòrùn) sọ́tọ̀ kúrò lára ‘ó ṣá a’ (ó fi àdá bẹ́ ẹ). Orí ìró tí ó ga gan-an ni ìyàtọ̀ náà wà. Ìlà tẹlifóònù àtijọ́ kì í gbé ìró tí ó bá kọjá 3,400 Hz; ìdí nìyẹn tí a fi máa ń ní kí ẹni tí ń sọ̀rọ̀ lórí rẹ̀ tún un wí. Bí ẹ̀rọ tí a fi gba ohùn bá gé apá òkè yìí kúrò, tàbí tí ariwo tirẹ̀ bò ó mọ́lẹ̀, ẹni tí yóò gbọ́ ọ ní 50 ọdún sí i kò ní rí ẹni tí yóò bi léèrè.

Níbí ni ọ̀rọ̀ kọ̀ǹpútà àtijọ́ ti wọlé. Ihò makirofóònù tí ó wà lára irú kọ̀ǹpútà bẹ́ẹ̀ sábà máa ń hó, nítorí pé apá tí ń gba ohùn wà nínú àpótí kan náà pẹ̀lú fáànù àti gbogbo iná mànàmáná tí ń sáré kiri inú rẹ̀. Àtúnṣe rẹ̀ kò gba kí a ra kọ̀ǹpútà mìíràn. Káàdì ohùn kan wà tí a ń so mọ́ ihò USB láti ìta. Àpótí kékeré ni, inú rẹ̀ sì ni ohùn ti ń di iye-òǹkà, jìnnà sí ariwo inú kọ̀ǹpútà. Kọ̀ǹpútà kò ní ju kí ó gba iye-òǹkà náà kí ó sì kọ ọ́ sílẹ̀. Iṣẹ́ yìí kò wúwo. Bí a bá gba ohùn ní ọ̀nà méjì, ìwọ̀n 24-bit, ní ìgbà 48,000 láàrin ìṣẹ́jú-àáyá kan, kò ju mílíọ̀nù bíìtì 2.3 lọ ní ìṣẹ́jú-àáyá kan, bẹ́ẹ̀ ni ihò USB ti ìgbà láéláé lè gbé mílíọ̀nù 12.

Ètò tí yóò darí kọ̀ǹpútà náà wà pẹ̀lú, ọ̀fẹ́ sì ni. Linux ni orúkọ rẹ̀. Linus Torvalds, ọmọ orílẹ̀-èdè Finland, ni ó bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ ní ọdún 1991 nígbà tí ó ṣì ń kẹ́kọ̀ọ́ ní Yunifásítì Helsinki, ó sì ṣí kóòdù rẹ̀ sílẹ̀ kí gbogbo ayé lè kà á kí wọ́n sì tún un ṣe. Mark Shuttleworth, ọmọ Gúúsù Áfíríkà, ni ó dá Ubuntu sílẹ̀ lórí rẹ̀ ní ọdún 2004. Ilé-iṣẹ́ Microsoft dáwọ́ ìtọ́jú Windows 10 dúró ní ọjọ́ 14 oṣù Kẹwàá ọdún 2025, ọ̀pọ̀ kọ̀ǹpútà tí ara rẹ̀ ṣì le ni kò sì lè gba Windows 11; Linux gbà wọ́n. Debian tí a fi ojú-ìwé Xfce sí ṣeé lò lórí kọ̀ǹpútà tí ó ní RAM 2 GB. Bí kọ̀ǹpútà bá jẹ́ ti ìran 32-bit, kí a lo Debian 12, nítorí pé Debian 13 tí ó jáde ní ọdún 2025 kò ṣeé fi sórí ìran náà mọ́.

Ohun tí ó yẹ kí ẹni tí yóò ra káàdì náà bi olùtajà ni bóyá ó ń tẹ̀lé òfin USB Audio Class. Ọdún 1998 ni a ti ṣe òfin yìí. Káàdì tí ó bá ń tẹ̀lé e kò nílò dráífà tirẹ̀ tàbí àwo kankan. Linux yóò dá a mọ̀ lójú ẹsẹ̀. Èyí tí ó bá ní dandan ni kí a kọ́kọ́ fi ètò ilé-iṣẹ́ tí ó ṣe é sórí Windows, kí a fi í sílẹ̀.

Ìtòlẹ́sẹẹsẹ rẹ̀ kò pọ̀ ju ohun tí ọmọ kíláàsì SS1 lè mọ̀ ní ọ̀sán kan. Kí a ki káàdì bọ ihò kọ̀ǹpútà fúnra rẹ̀, kì í ṣe ihò tí a fà jáde tí ohun mẹ́ta mìíràn ń pín lò. Kí a ṣí fèrèsé àṣẹ, kí a tẹ ‘lsusb’. Orúkọ káàdì yẹ kí ó hàn. Kí a tẹ ‘arecord -l’. Yóò to gbogbo káàdì tí ó lè gba ohùn, ti inú sábà máa ń jẹ́ 0, ti ìta 1. Nọ́ḿbà yìí lè yí padà bí a bá pa kọ̀ǹpútà tí a tún tàn án, nítorí náà orúkọ ni kí a di mú, kì í ṣe nọ́ḿbà. Lẹ́yìn èyí, kí a tẹ ‘alsamixer’, kí a fi F6 mú káàdì ìta, kí a fi F4 lọ sí apá tí ń gba ohùn wọlé. Bí a bá rí ‘MM’ lábẹ́ òpó kan, a ti tì í pa ni. Lẹ́tà M ni ó ń ṣí i. Níkẹyìn, kí a lọ sí ètò ohùn lójú kọ̀ǹpútà, kí a yan káàdì náà fún ìwọlé àti ìjáde. Ibi tí ọ̀pọ̀ ti ń sọ̀rètí nù nìyí: káàdì ń ṣiṣẹ́, ṣùgbọ́n kọ̀ǹpútà ṣì ń gbọ́ràn sí ti inú lẹ́nu nítorí pé kò sẹ́ni tí ó sọ fún un.

Nígbà tí a bá ń gba ohùn, kí a yọ ṣájà kí a lo bátìrì bí bátìrì bá ṣì lágbára, nítorí pé iná 50 Hz tiwa a máa kùn wọ inú ohùn. Kí jẹnẹrétọ̀ sì jìnnà. Kí ohùn tí ó ga jù máa dúró ní nǹkan bí -12 dB, kí ó má ṣe kan 0 láé, torí pé ohun tí ó bá fọ́ níbẹ̀ kò ṣeé tún ṣe. Wákàtí kan ní ọ̀nà kan, 16-bit, 48,000, kò ju nǹkan bí 346 MB lọ. Ọgọ́rùn-ún wákàtí ọ̀rọ̀ àwọn àgbà yóò wọ inú fíláàṣì 64 GB, àyè yóò sì ṣẹ́kù.

A mọ àtakò tí ó wúwo jù. Wọn yóò ní Linux ṣòro, kò sì sí ẹni tí yóò tún un ṣe nílé. Òótọ́ ni pé ẹni tí ó ti mọ Windows yóò kọ́kọ́ ṣìnà. Ṣùgbọ́n kí ni a ń pè ní ẹ̀kọ́? Ọmọ tí a fún ní ẹ̀rọ tí a ti dì pa mọ́ yóò mọ bí a ti ń tẹ̀ ẹ́. Ọmọ tí a fún ní ẹ̀rọ tí ó lè tú palẹ̀, tí ó lè bi í léèrè pé ‘káàdì wo ni o rí?’ kí ó sì gba ìdáhùn, yóò mọ bí ó ti ń ṣiṣẹ́. Ilé-ẹ̀kọ́ Kristẹni tí ó fi ọ̀kọ́ àti ìwé kọ́ wa papọ̀ kò gbọ́dọ̀ máa tọ́ àwọn tí yóò máa dúró de ẹni tí yóò wá láti Ìlọrin bá wọn tún ẹ̀rọ ṣe.

Àtakò kan tún wà tí a kì í sọ jáde. Ẹ̀bùn tí a gbé kalẹ̀ yìí kò ní ohun tí a lè so rìbọ́nnì mọ́. Kò sí ògiri tí a ó kọ orúkọ ẹgbẹ́ wa sí. Àwa akẹ́kọ̀ọ́jáde fẹ́ràn ohun tí a ó yà fọ́tò níwájú rẹ̀, a kò sì ní tan ara wa. Síbẹ̀, ohun tí a bá ní là ń náání. Ohun tí Obbo-Ilé ní tí owó ẹnikẹ́ni kò lè rà lọ́jà jókòó lórí àga níwájú ilé lọ́wọ́ ìrọ̀lẹ́, ó ń retí ẹni tí yóò béèrè ọ̀rọ̀ lọ́wọ́ rẹ̀.

Nítorí náà, ìmọ̀ràn wa nìyí. Kí ẹgbẹ́ ra káàdì ohùn méjì, makirofóònù méjì irú èyí tí kò nílò iná, àti ohun ìgbọ́ràn etí. Kí a fi Linux sórí kọ̀ǹpútà àtijọ́ méjì. Kí olùkọ́ kan àti ọmọ mẹ́fà kọ́ ìlò rẹ̀, kí àwọn mẹ́fà náà sì kọ́ mẹ́fà mìíràn kí wọ́n tó jáde. Kí òbí kọ̀ọ̀kan dárúkọ àgbà kan nínú ìdílé rẹ̀. Kí a kọ́kọ́ gba àṣẹ lẹ́nu àgbà náà, kí a sì gba ‘rárá’ rẹ̀ bí ó bá wí bẹ́ẹ̀, nítorí pé ọ̀rọ̀ ìdílé mìíràn wà tí kì í ṣe ti gbogbo ayé. Kí a kọ orúkọ, ìlú àti ọjọ́ sára ìgbàsílẹ̀ kọ̀ọ̀kan. Kí ẹ̀dà mẹ́ta sì wà: ọ̀kan ní ilé-ẹ̀kọ́, ọ̀kan ní ìjọ, ọ̀kan lọ́wọ́ ìdílé tí ó ni ohùn náà.

Kọ̀ǹpútà tuntun lè tẹ̀lé e lẹ́yìn. Ilé-iṣẹ́ kò ní ṣíwọ́ ṣíṣe wọn. Ṣùgbọ́n kí ọ̀yẹ́ tí ń bọ̀ tó dé, kí a ti jókòó ti ẹni tí ó dàgbà jù láàrin wa, kí a ti gbé makirofóònù síwájú rẹ̀, kí a sì dákẹ́ kí ó lè sọ̀rọ̀.