Ogun Bọ́mà: Ohun Tí Ènìyàn Gbàgbé, Ọlọ́run Kò Gbàgbé

  

Bíbélì kíkà: Oníwàásù 9:14-15, Ẹ́sítérì 6:1-3.

Nínú ẹsẹ tí a kọ́kọ́ kà, ọba ńlá kan gbógun ti ìlú kékeré kan. Ọkùnrin tálákà kan wà nínú ìlú náà tó gbọ́n, ọgbọ́n rẹ̀ ló sì gba ìlú là. Ṣùgbọ́n nígbà tí ogun lọ tán, kò sí ẹni tó rántí rẹ̀ mọ́. Ìtàn náà kò pẹ́ rárá, àmọ́ ó yẹ kó dun ẹni tó bá kà á.

Ẹ jẹ́ kí n bi yín ní ìbéèrè kan. Ẹ̀yin tí ẹ ń ti Ìkòtún, Ẹ̀gbẹ́dá tàbí Ìgandò lọ ṣiṣẹ́ ní Àpápá, ẹ mọ Arakan Barracks. Ẹ mọ Dodan Barracks ní Ìkòyí, níbi tí àwọn ìjọba ológun ti ṣàkóso orílẹ̀-èdè yìí nígbà kan rí. Bí ẹ bá dé Ìbàdàn, ẹ ó gbọ́ Letmauk Barracks. Kí ni ìtumọ̀ àwọn orúkọ wọ̀nyí? Wọn kì í ṣe Yorùbá, wọn kì í ṣe Haúsá, wọn kì í sì í ṣe Ìgbò. Orúkọ ibi tí àwọn bàbá wa ti jagun ni wọ́n, ní ilẹ̀ Bọ́mà tí à ń pè ní Myanmar lónìí. Orúkọ náà wà lẹ́nu wa, ìtàn rẹ̀ ni kò sí nínú wa mọ́.

OGUN TÓ JÌNNÀ SÍLÉ

Láàárín ọdún 1939 sí 1945 ni ogun tí àwọn àgbà ń pè ní Ogun Hítílà jà. Ní 1942, àwọn ará Jàpáànù gba Bọ́mà lọ́wọ́ Gẹ̀ẹ́sì. Gẹ̀ẹ́sì tó ń ṣàkóso wa nígbà náà kó ọmọ ogun jọ láti Nàìjíríà, Gold Coast, Sierra Leone àti Gáńbíà, ó sì fi wọ́n dá ẹgbẹ́ ológun ńlá méjì sílẹ̀, 81 Division àti 82 Division. Àwọn ọmọ Nàìjíríà ló ju ìdajì wọn lọ. Alántakùn ni àmì tí àwọn 81 Division lẹ̀ mọ́ aṣọ wọn.

Ẹkùn odò Kaladan ni wọ́n rán wọn lọ. Òkè lórí òkè ni, igbó dídí ni, òjò ibẹ̀ kì í sì í ṣe òjò kékeré. Kò sí ọ̀nà ọkọ̀. Àwọn sójà yìí ló fi ọwọ́ ara wọn la ọ̀nà tó gùn tó máìlì 75 gba orí òkè kọjá. Nígbà tí ọ̀nà tán, orí ni wọ́n fi ń ru ẹrù. Ọkọ̀ òfurufú ló ń ju oúnjẹ àti ọta ìbọn sí wọn láti òkè. Ní oṣù kìíní, ọdún 1945, wọ́n gba ìlú Myohaung. Ní oṣù kẹta ọdún yẹn kan náà, àwọn 82 Division ja ìjà líle ní Letmauk.

Gbogbo ọmọ ogun Gẹ̀ẹ́sì tó wà ní Bọ́mà ni wọ́n ń pè ní Ẹgbẹ́ Ọmọ Ogun Tí A Gbàgbé, nítorí ojú gbogbo ayé wà lára ogun Yúróòpù. Bí a bá wá gbàgbé ẹgbẹ́ kan lódindi, kí ni ká sọ nípa aláwọ̀ dúdú tó wà nínú rẹ̀?

Kì í ṣe tiwa nìkan. Ní ìkángun kejì ogun kan náà, Jàpáànù yìí kan náà gba erékùṣù méjì ní òkun Alaska ní oṣù kẹfà, ọdún 1942. Attu àti Kiska ni orúkọ wọn, wọ́n wà nínú àwọn erékùṣù Aleutian. Níbẹ̀, òjò dídì àti kùrukùru ni tiwọn. Nígbà tí Amẹ́ríkà lọ gba Attu padà ní oṣù karùn-ún, ọdún 1943, aṣálẹ̀ Kalifóníà tó gbóná ni wọ́n ti kọ́ àwọn sójà náà ní iṣẹ́ ogun, bàtà ẹsẹ̀ wọn kò sì lè gba òtútù dúró. Àwọn 549 kú. Àwọn tí òtútù ṣe lọ́ṣẹ́ pọ̀ tó àwọn tí ìbọn ṣe léṣe. Ní oṣù kẹjọ, àwọn tó lé ní ẹgbẹ̀rún lọ́nà ọgbọ̀n gúnlẹ̀ sí Kiska, láìmọ̀ pé àwọn ará Jàpáànù ti gba inú kùrukùru sá lọ láti nǹkan bí ọ̀sẹ̀ méjì ààbọ̀ sẹ́yìn. Síbẹ̀, wọ́n ń yìnbọn pa ara wọn nínú kùrukùru náà. Lónìí, ọ̀pọ̀ ará Amẹ́ríkà pàápàá kò gbọ́ nípa rẹ̀ rí.

Kí ni mo ń sọ? Ìyà lè pọ̀ títí, kì í ròyìn ara rẹ̀. Ẹnu la fi ń sọ ọ́, gègé la fi ń kọ ọ́. Èyí tí a kò sọ tí a kò sì kọ, ìgbàgbé ni yóò gbé e lọ.

ISAAC FADOYEBO ÀTI SHUYIMAN

Isaac Fadoyebo jẹ́ ọmọ Èmùré-Ilé, nítòsí Ọ̀wọ̀. Ọmọ ọdún 16 ni nígbà tó wọ iṣẹ́ ológun ní Abẹ́òkúta ní 1942. Ìtọ́jú àwọn tó fara gbọgbẹ́ ni iṣẹ́ rẹ̀. Ní oṣù kẹta, ọdún 1944, àwọn ará Jàpáànù ká wọn mọ́ etí odò Kaladan. Ọ̀pọ̀ ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ kú. Ọta ìbọn fọ́ eegun ẹsẹ̀ òun náà, kò sì lè dìde. Òun àti David Kargbo, ọmọ Sierra Leone, ló kù sínú igbó níbẹ̀.

Àwọn ará abúlé tó wà nítòsí ló ń yọ́ gbé oúnjẹ wá fún wọn. Lẹ́yìn-ò-rẹyìn, ọkùnrin kan nínú wọn tó ń jẹ́ Shuyiman gbé àwọn méjèèjì wọ inú ilé rẹ̀, láàárín ìyàwó àti ọmọ rẹ̀. Ẹ ronú sí i. Àwọn ará Jàpáànù wà káàkiri àdúgbò náà. Bí wọ́n bá rí ọmọ aláwọ̀ dúdú méjì nínú ilé rẹ̀, òpin ti dé bá gbogbo ìdílé náà nìyẹn. Síbẹ̀, ó fi wọ́n pamọ́ títí di oṣù Kejìlá, nígbà tí àwọn ọmọ ogun Gẹ̀ẹ́sì padà dé. Isaac tí àwọn ará ilé rẹ̀ ti rò pé ó ti kú wá tiro wọlé padà.

Ó ṣe iṣẹ́ ìjọba títí ó fi fẹ̀yìn tì. Ó sì ṣe ohun kan tí ọ̀pọ̀ bàbá wa kò ṣe: ó jókòó, ó kọ ìtàn náà sílẹ̀. Yunifásítì kan ní Wisconsin, Amẹ́ríkà, tẹ̀ ẹ́ jáde ní ìwé ní 1999. Ìwé yìí ló mú akọ̀ròyìn kan tó ń jẹ́ Barnaby Phillips wá a rí. Bàbá fi lẹ́tà ìdúpẹ́ rán an, akọ̀ròyìn náà sì wá ìdílé Shuyiman lọ sí Bọ́mà. Shuyiman ti kú, ṣùgbọ́n àwọn ọmọ rẹ̀ wà, wọ́n sì gbọ́ ohun tó wà nínú lẹ́tà náà. Ní 2011 ni Al Jazeera gbé ìtàn náà sórí tẹlifíṣọ̀n. Bàbá Fadoyebo kú ní 2012, ní ẹni ọdún 86.

Ará, ó lé ní ọgọ́ta ọdún tí ọkùnrin yìí fi ru gbèsè ọpẹ́ kan, kò sì jẹ́ kó kú mọ́ òun nínú. Àwọn àgbà ní ẹni tí a ṣe lóore tí kò dúpẹ́, bí ọlọ́ṣà kó ni lẹ́rù lọ ni. Ta ló gbé ìwọ pamọ́ nígbà tí ojú ogun le? Ta ló fún ọ ní yàrá nígbà tó o kọ́kọ́ dé Èkó? Ǹjẹ́ o ti dúpẹ́?

Ẹnì kan lè sọ pé, “Ṣùgbọ́n Mùsùlùmí ni Shuyiman.” Bẹ́ẹ̀ ni. Jésù nìkan ni ọ̀nà, a kò ní yé wàásù rẹ̀. Ṣùgbọ́n Jésù yìí kan náà ló fi ará Samáríà ṣe àpẹẹrẹ aládùúgbò rere fún wa ní Lúùkù 10. Àwa tí a jọ ń gbé lójúle kan náà pẹ̀lú Mùsùlùmí ní Alímọ̀ṣọ́, ẹ jẹ́ ká bi ara wa: bí ó bá kan ilẹ̀kùn wa lóru, ṣé a ó ṣí i? Àwọn ènìyàn Shuyiman ni à ń pè ní Rohingya. Láti oṣù kẹjọ, ọdún 2017, àwọn tó lé ní ọ̀kẹ́ márùndínlógójì, ìyẹn 700,000, ló ti sá kúrò nílé wọn lọ sí Bangladesh. Àwọn tó fi ọmọ wa pamọ́ ti di ẹni tó ń wá ibi tí yóò fara pamọ́ sí. Ẹ má gbàgbé wọn nínú àdúrà.

OHUN TÍ A Ó ṢE

Módékáì gba ẹ̀mí ọba là, wọn kò sì ṣe nǹkan kan fún un. Ṣùgbọ́n wọ́n ti kọ ọ́ sínú ìwé. Ní òru ọjọ́ tí oorun dá lójú ọba, ìwé náà ló sọ̀rọ̀. Ká ní wọn kò kọ ọ́ ńkọ́?

1. Ẹni tó jẹ́ ọmọ ọdún 18 nígbà tí Ogun Hítílà parí yóò ti súnmọ́ ọgọ́rùn-ún ọdún báyìí. Díẹ̀ ló kù. Ṣùgbọ́n àwọn ọmọ wọn wà, àwọn tó ja ogun abẹ́lé ti 1967 sí 1970 wà, àwọn tó lọ sí Làìbéríà wà. Bàbá tí ẹ mú wá láti ilé, tó jókòó sí yàrá ẹ̀yìn ní Ìgandò, ẹ bi í léèrè. Kí ọmọ tó mọ̀wé kọ ọ́ sílẹ̀.

2. Ẹ ká orúkọ ẹni kan tó ṣe yín lóore tí ẹ kò tíì dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Ẹ lọ kí i lóṣù yìí, tàbí kí ẹ lọ kí àwọn ọmọ rẹ̀.

3. Ní January 15, ọjọ́ tí ìjọba ń rántí àwọn sójà tó ti kú, ẹ jẹ́ kí ìjọ náà pe àwọn opó sójà tó wà láàárín wa síwájú, ká gbàdúrà fún wọn, ká sì fi nǹkan lé wọn lọ́wọ́.

A máa ń gbàdúrà lòdì sí ẹ̀mí ìgbàgbé, a sì ń ké kíkan kíkan. Ó dára. Ṣùgbọ́n àgbàlagbà tí a kò bi léèrè nínú ilé wa, kì í ṣe ẹ̀mí kankan ló gbàgbé rẹ̀. Àwa ni.

ÀDÚRÀ: Baba, ìwọ tí o rántí Nóà nínú ọkọ̀, tí o rántí Hánà ní Ṣílò, rántí àwọn òbí wa. Má ṣe jẹ́ kí a di abaraámóorejẹ. La ẹnu àwọn àgbà wa kí wọ́n sọ̀rọ̀, la etí wa kí a gbọ́, kí ó má baà pẹ́ jù. Ní orúkọ Jésù. Àmín.