Ṣé Jíjẹ Púpọ̀ Lè Sọ Ènìyàn Di Tẹ́ẹ́rẹ́?

Ọ̀rọ̀ ikùn ni mo gbé wá lónìí, ara mi gan-an ni n ó sì fi ṣe àpẹẹrẹ.

Nígbà tí ìgbéyàwó ẹ̀gbọ́n mi obìnrin ku oṣù mẹ́ta, mo gbé aṣọ ẹbí mi lọ sọ́dọ̀ ìyá aránṣọ. Wọ́n wọn ìbàdí mi, wọ́n rẹ́rìn-ín, wọ́n ní, “Àbúrò ìyàwó, oúnjẹ mà ń bá ọ lára mu o!” Ẹ̀fẹ̀ lásán ni, ṣùgbọ́n ó dùn mí dé ọkàn. Láti ọjọ́ náà ni mo ti ń fi ebi pa ara mi: omi gbígbóná ní òwúrọ̀, àkàrà kan ṣoṣo ní ọ̀sán, kí n sì sùn láìjẹun ní alẹ́. Ní ọ̀sẹ̀ kẹta, òyì kọ́ mi nínú ọkọ̀, àwọn èrò ni wọ́n dì mí mú.

Ọ̀rẹ́ mi kan gbọ́, ó sì gbà mí ní ìmọ̀ràn mìíràn. Ó ní, “Jẹun púpọ̀, kí o sì máa jẹ ẹ́ lẹ́ẹ̀mẹfà lójúmọ́. Iná ni ara. Bí o bá ti ń kó igi sí i ni yóò máa jó, ọ̀rá yóò sì máa yọ́.” Ta ni irú ìmọ̀ràn bẹ́ẹ̀ kò ní dùn mọ́? Oṣù kan lẹ́yìn rẹ̀, aṣọ tí wọ́n ti rán kò kọjá ìbàdí mi mọ́. Ìyá mi wò mí títí, wọ́n ní, “Ọmọ mi, iná ń jó lóòótọ́, ṣùgbọ́n igi tí ò ń kó wọlé pọ̀ ju èyí tí iná ń jó lọ.”

Ìyá mi kò ka ìwé ìmọ̀ ìṣègùn kankan, síbẹ̀ wọ́n fẹ́rẹ̀ẹ́ sọ ọ́ tán. Iná tí ọ̀rẹ́ mi ń wí ni àwọn onímọ̀ ń pè ní metabolism: gbogbo iṣẹ́ tí ara ń ṣe láti sọ oúnjẹ di agbára, kí ó sì ná an. Kálórì ni wọ́n fi ń wọn agbára náà. Bí a tilẹ̀ sùn fọnfọn, ọkàn ń lù, à ń mí, ọpọlọ àti ẹ̀dọ̀ ń ṣiṣẹ́. Nínú 100 kálórì tí ẹni tí kì í ṣe iṣẹ́ agbára bá ná, nǹkan bí 60 sí 70 ni iṣẹ́ ìdákẹ́jẹ́ẹ́ yìí ń gbà. Nǹkan bí 10 ni ara ń ná kí oúnjẹ tó dà. Ìrìn, iṣẹ́ ọwọ́ àti eré ìdárayá ni ó ń gba ìyókù.

Nítorí náà, òótọ́ ni pé bí a bá jẹun sí i, iná yóò ròkè. Ṣùgbọ́n bí mo bá fi 300 kálórì kún oúnjẹ òòjọ́ mi, nǹkan bí 30 ni yóò bá iṣẹ́ dídà oúnjẹ lọ. Èyí tí ó pọ̀ jù nínú ìyókù, bí n kò bá ṣiṣẹ́ ná an, ara yóò tọ́jú rẹ̀ bí ọ̀rá. Pípín oúnjẹ sí ọ̀nà mẹ́fà kò sì yí ìṣirò yìí padà: bí oúnjẹ náà bá jẹ́ iye kan náà, iye kan náà ni ara yóò ná lórí rẹ̀, ìbáà ṣe ẹ̀ẹ̀mejì ni a jẹ ẹ́ tàbí ẹ̀ẹ̀mẹfà.

Níbo wá ni ọ̀rọ̀ ọ̀rẹ́ mi ti wá? Ní ọdún 1944 sí 1945, ní Yunifásítì Minnesota ní Amẹ́ríkà, Ancel Keys àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ṣe ìwádìí lórí ọ̀dọ́kùnrin 36 tí ẹ̀rí-ọkàn wọn kò jẹ́ kí wọ́n gbé ìbọn nígbà Ogun Àgbáyé Kejì, tí wọ́n sì yọ̀ǹda ara wọn. Fún oṣù mẹ́fà, nǹkan bí ìdajì oúnjẹ tí wọ́n ń jẹ tẹ́lẹ̀ ni wọ́n fún wọn. Wọ́n pàdánù nǹkan bí ìdá mẹ́rin ìwọ̀n ara wọn. Òtútù ń mú wọn, ọkàn wọn ń lù jẹ́jẹ́, oúnjẹ nìkan ni wọ́n ń rò. Iná ara wọn lọ sílẹ̀ ju bí ìrù wọn ti mú un lọ sílẹ̀ lọ. Nígbà tí oúnjẹ padà dé, iná ròkè, ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ nínú wọn jẹ àjẹjù, ọ̀rá ara wọn sì ju ti àtẹ̀yìnwá lọ.

Ẹ kíyè sí i: iná wọn rẹlẹ̀, ṣùgbọ́n kò kú. Wọ́n ń rù títí dé òpin. Irọ́ ni pé ebi ń mú ni sanra, irọ́ sì ni pé àjẹjù ń mú ni rù. Ohun tí ebi àpajù ń ṣe ni pé ó ń jẹ ẹran ara pẹ̀lú ọ̀rá, ó sì ń múra ẹni sílẹ̀ de àjẹjù ọ̀la.

Síbẹ̀, oúnjẹ kan wà tí a lè bù kún abọ́. Ẹ̀wà, ẹja, ẹyin àti àwọn amáradàgbà yòókù ń gba iṣẹ́ púpọ̀ kí wọ́n tó dà: nínú 100 kálórì amáradàgbà, nǹkan bí 20 sí 30 ni ara ń ná lórí dídà rẹ̀, ti ọ̀rá kì í sábà ju 3 lọ. Amáradàgbà tún ń pẹ́ nínú, ó sì ń dáàbò bo ẹran ara, pàápàá bí a bá ń ṣe eré ìdárayá. Ẹ̀fọ́ náà ń kún ikùn láìní kálórì púpọ̀, bí a kò bá ti fi epo rì í: ṣíbí ìbùjẹ epo kan ṣoṣo tó nǹkan bí 120 kálórì.

Ìyá aránṣọ tú ẹ̀gbẹ́ aṣọ náà, wọ́n fi aṣọ lé e, mo sì jó níbi ìgbéyàwó náà títí ilẹ̀ fi ṣú. Láti ìgbà náà, mo ń jẹ òwúrọ̀, mo ń jẹ ọ̀sán, mo ń jẹ alẹ́. Òkèlè dín díẹ̀, ẹja àti ẹ̀fọ́ pọ̀ sí i, mo sì ń fi ẹsẹ̀ rìn dé ibùdókọ̀. Mo ń fọn díẹ̀díẹ̀, òyì kò sì kọ́ mi mọ́. Díẹ̀ díẹ̀ ni imú ẹlẹ́dẹ̀ ń wọgbà.

Ẹni tí ó bá lóyún, tí ó ń fún ọmọ lọ́mú, tàbí tí àìsàn ń bá fínra, kí ó kọ́kọ́ rí dókítà kí ó tó yí oúnjẹ rẹ̀ padà.