Ìwé Kò-tẹ́-mi-lọ́rùn Kì í Ṣe Àṣẹ Ìwólé

Ẹ̀yin ará wa l'Ókè Ọya! Wọ́n ń sọ ọ́ kiri pé nígbà tí káńsù ti pe ẹjọ́ kò-tẹ́-mi-lọ́rùn, àṣẹ tí kóòtù fi ní kí wọ́n má wó ṣọ́ọ̀bù wa ti kú. Irọ́ ni!

Òfin Kóòtù Kò-tẹ́-mi-lọ́rùn, abala 17, là á mọ́lẹ̀: pípe ẹjọ́ nìkan kò dá àṣẹ dúró. Ẹni tó bá fẹ́ kó dúró, kó lọ bẹ kóòtù, kí kóòtù sì gbà.

Ṣé a ti gbàgbé ọ̀rọ̀ Ojukwu ni? Ìjọba ológun Èkó fipá lé e jáde nílé n'Íkòyí nígbà tí ẹjọ́ ṣì wà nílẹ̀. Kóòtù Kò-tẹ́-mi-lọ́rùn ní kí wọ́n dá a padà síbẹ̀. Wọn ò ṣe é, wọ́n tún gba Supreme Court lọ pé kí wọ́n bá àwọn dá àṣẹ náà dúró. Lọ́dún 1986, Supreme Court kọ̀ jálẹ̀: ẹni tó tẹ àṣẹ kóòtù mọ́lẹ̀ kò lẹ́nu láti wá tọrọ ojú rere níbẹ̀. Ìjọba ológun nìyẹn o! Káńsù wá ńkọ́?

Ẹ̀yin tí ẹ ti ń palẹ̀ ẹrù mọ́, ẹ̀yin lẹ̀ ń bá wọn ṣiṣẹ́. Ṣọ́ọ̀bù tó ṣófo ló yá wó. Bí kóòtù bá dá àṣẹ dúró lọ́la, a ó gbà, a ò ní rú òfin. Kó tó ṣe é, a ò kúrò. Ẹ mú ẹ̀dà àṣẹ náà dání, ẹ má bá ẹnikẹ́ni jà, bí katakátá bá yọjú, ẹ pe lọ́yà wa.

Ẹ ṣí ṣọ́ọ̀bù yín láàárọ̀ ọ̀la!