ÌBỌN KÌ Í ṢE ARA ỌJÀ WA



Láti Ọjà Ọba l'Ákúrẹ́ títí dé Odosida l'Óǹdó, ó ti tó gẹ́ẹ́! Ọ̀gá fẹ́ ra tòmátì, ẹ̀ṣọ́ gbé ìbọn tẹ̀ lé e. Bí ìbọn bá ṣèèṣì dún láàárín ìsọ̀, ibo ni ìyá tó pọnmọ máa sá gbà?

Àwọn kan ní nítorí ohun tó ṣẹlẹ̀ l'Ọ́wọ̀ ni. A ò gbàgbé June 5, 2022, tí wọ́n pa nǹkan bí èèyàn 40 ní ṣọ́ọ̀ṣì. Ṣùgbọ́n bí oníkálukú bá ń gbé ìbọn kiri, báwo la ṣe fẹ́ mọ olè yàtọ̀ sí ẹ̀ṣọ́? Kí ọlọ́pàá àti Àmọ̀tẹ́kùn tí òfin gbé kalẹ̀ ní 2020 máa ṣọ́ ẹnu ọ̀nà ọjà. Ìyẹn la fẹ́.

Òfin ìbọn ti 1959 ní kò sẹ́ni tó gbọ́dọ̀ ní ìbọn láìgbàwé àṣẹ. Ẹni tó sì níwèé, kó fi ṣakabùlà rẹ̀ sílé. Kí ọ̀gá fi ẹ̀ṣọ́ sídìí mọ́tò.

Ẹnìkan kọ̀, wọ́n á ní ó ń rí wọn fín. Bí gbogbo wa bá kọ̀ pé a ò tà fún oníbọn, ìbọn á dúró síta. Ẹ jẹ́ ká fohùn ṣọ̀kan o!