IṢẸ́ TÍ A RÁN KỌ̀ǸPÚTÀ

 

Ìyá aláṣọ kan kọ̀wé sí wa pé ọmọ òun ń kọ́ṣẹ́ kọ̀ǹpútà, "skríìptì" ló sì ní òun ń kọ lójoojúmọ́. Ṣé iṣẹ́ gidi nìyẹn, àbí owó òun ti bọ́ sómi? Ìyá, ẹ fọkàn balẹ̀. Iṣẹ́ gidi ni, ṣùgbọ́n ó ní èèwọ̀ tiẹ̀.

Ẹ jẹ́ ká ní ọ́fíìsì kan ní ọgọ́rùn-ún kọ̀ǹpútà tí wáyà so pọ̀, wọ́n sì fẹ́ fi nǹkan tuntun sínú gbogbo wọn. Ẹni tó bá ń ti orí tábìlì kan bọ́ sí òmíràn, ilẹ̀ á ṣú bá a. Ẹni tó mọ skríìptì á jókòó sójú kan, á kọ iṣẹ́ náà sílẹ̀ lẹ́ẹ̀kan, á sì fi rán gbogbo wọn. Bí ìgbà tí ìyálọ́jà rán akéde kan ṣoṣo, tí gbogbo ìsọ̀ sì gbọ́ ni.

Ibi tí wàhálà wà rèé. Àgbà ní bí wọ́n bá rán ni níṣẹ́ ẹrú, à fi tọmọ jẹ́ ẹ. Kọ̀ǹpútà ò lè fi tọmọ jẹ́ o! Bí ẹ bá ní kó gbálẹ̀, tí ẹ ò sọ pé kó má fọwọ́ kan ọmọ tó sùn sórí ẹní, tọmọ tẹní ni yóò gbá sóde. Kò sì mọ ẹni tó ń rán òun: ọ̀gá àti ọ̀daràn, ọ̀kan náà ni lójú ẹ̀.

Ní oṣù karùn-ún ọdún 2000, lẹ́tà kan jáde láti Manila ní Philippines. Àkọlé ẹ̀ ni "ILOVEYOU", ìyẹn "mo fẹ́ràn rẹ". Ta ni ò ní ṣí i? VBScript ni wọ́n fi kọ ohun tó wà nínú ẹ̀, èdè kan náà tí wọ́n ń fi bójú tó kọ̀ǹpútà ọ́fíìsì nígbà náà. Bí èèyàn bá ti ṣí i, á ba fọ́tò inú kọ̀ǹpútà jẹ́, á sì fi ara ẹ̀ ránṣẹ́ sí gbogbo ẹni tí àdírẹ́sì wọn wà níbẹ̀. Ilé aṣòfin ìlú Ọba pàápàá ní láti ti lẹ́tà kọ̀ǹpútà wọn pa.

Wọ́n kọ́gbọ́n. Ní 2006, Microsoft gbé PowerShell jáde. Bí èèyàn bá tẹ fáìlì ẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì, á kàn ṣí bí ìwé tí à ń kà ni, kò ní bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Ọ̀pọ̀ àṣẹ inú ẹ̀ ló sì ń gba "-WhatIf": ẹ kọ ọ́ sẹ́yìn àṣẹ náà, kọ̀ǹpútà á sọ ohun tó fẹ́ ṣe fún yín, kò ní tíì ṣe é. Ẹ̀yin télọ̀, ṣé ẹ̀yin náà kì í wọn aṣọ kí sísọ́ọ̀sì tó kàn án?

Nítorí náà, ìyá, ẹ bi ọmọ yín ní ìbéèrè méjì. Ṣé ó máa ń dán an wò lórí ẹyọ kan kó tó rán ọgọ́rùn-ún? Ṣé ó máa ń tọ́jú ẹ̀dà ohun tó wà níbẹ̀ síbòmíràn kó tó fọwọ́ kàn án? Bó bá ní bẹ́ẹ̀ ni, owó yín ò bọ́ sómi. Bó bá ní rárá, ẹ fà á létí o jàre, kó tó fa ọ̀gá ẹ̀ sí gbèsè.

Ó dọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀.