Eku Kan Ṣoṣo Ni Ó Ń Lé

 

Ní ọdún tó kọjá, mo gbé gìtá ọmọkùnrin mi pamọ́ sẹ́yìn àpótí aṣọ. Ọmọ ọdún 14 ni. Èsì ìdánwò rẹ̀ ni kò dùn mọ́ mi nínú, mo sì sọ fún un pé yóò gba gìtá padà bí ìṣirò rẹ̀ bá gòkè. Kò bá mi jà. Ohun tó ṣe ni pé kò sọ Yorùbá sí mi mọ́. Bí mo bá fi Yorùbá pè é, Gẹ̀ẹ́sì ni yóò fi dáhùn, pẹ̀lú ọ̀wọ̀. Ó tó oṣù mẹ́ta kí n tó mọ̀ pé nǹkan méjì ni mo gbé pamọ́ lọ́jọ́ náà.

Ọ̀rọ̀ yìí wà lọ́kàn mi nígbà tí obìnrin ará Sẹ́bíà kan tí a jọ ń ṣiṣẹ́ fi orin kan sí mi létí ní àkókò oúnjẹ ọ̀sán. Orin náà kò ṣàjèjì sí mi, orin Bob Dylan ará Amẹ́ríkà ni, ṣùgbọ́n èdè tí wọ́n fi kọ ọ́ kò yé mi. Mo bi í pé ta ló ń kọrin. Ó ní Dejan Cukić ni. Mo ní, "Ṣé olórin ni?" Ó rẹ́rìn-ín, ó ní, "Olórin ni, akọ̀ròyìn ni, òǹkọ̀wé sì ni."

Mo lọ wádìí rẹ̀. Ní 1959 ni wọ́n bí i ní Belgrade, olú-ìlú Sẹ́bíà, tó jẹ́ olú-ìlú Yugoslavia nígbà náà. Ó kọrin nínú ẹgbẹ́ kan tó ń jẹ́ Bulevar. Lẹ́yìn náà ó wà nínú Bajaga i Instruktori, ọ̀kan lára àwọn ẹgbẹ́ olórin tí òkìkí wọn kàn jù lórílẹ̀-èdè náà ní àwọn ọdún 1980. Níbẹ̀, ẹlòmíràn ni olórí, òun ń gbè é. Ní 1987 ó gbé àwo tirẹ̀ jáde, Spori ritam, èyí tí ìtumọ̀ rẹ̀ jẹ́ ìlù tó ń lọ díẹ̀díẹ̀. Orúkọ yìí náà ni ó fún ẹgbẹ́ rẹ̀. Ní 1991 ó gbé àwo mìíràn jáde tó pe àkọlé rẹ̀ ní 1991. Ọdún yẹn gan-an ni Yugoslavia bẹ̀rẹ̀ sí í tú ká tí ogun sì bẹ́ sílẹ̀. Orílẹ̀-èdè tó mọ orin rẹ̀ fọ́ sí wẹ́wẹ́, síbẹ̀ kò fi orin sílẹ̀.

Ó tún ń ṣiṣẹ́ akọ̀ròyìn, ó sì ń túmọ̀ ìwé nípa orin rọ́ọ̀kì sí èdè Sẹ́bíà. Òun fúnra rẹ̀ kọ ìwé kan tó ń jẹ́ 45 obrtaja, ìyẹn ìyípo 45. Ẹ̀yin tí ẹ ti dàgbà díẹ̀ á rántí rẹ́kọ́ọ̀dù kékeré ayé àtijọ́, tó máa ń yí nígbà 45 ní ìṣẹ́jú kan. Ìtàn tó wà lẹ́yìn àwọn orin ni ìwé náà ń sọ. Àwọn orin Bob Dylan ńkọ́? Odidi àwo kan, Divlji med, ni ó fi èdè Sẹ́bíà kọ wọ́n sí.

Mo mọ ohun tí àwọn kan nínú wa yóò sọ: ẹni tó lé eku méjì á pòfo. Èmi náà pa òwe yìí fún ọmọ mi lọ́jọ́ tí mo gba gìtá lọ́wọ́ rẹ̀. Òótọ́ ni òwe náà, èmi ni mi ò ka eku dáadáa. Ojú wa rí olórin, akọ̀ròyìn, òǹkọ̀wé àti atúmọ̀ èdè, a rò pé iṣẹ́ mẹ́rin ni. Lójú tèmi, eku kan ṣoṣo ni ọkùnrin yìí ń lé: orin, àti ọ̀rọ̀ tó wà nínú orin. Ẹni tó ti fi ẹnu ara rẹ̀ kọrin mọ ohun tó ń sọ nígbà tó bá ń kọ̀wé nípa orin ẹlòmíràn. Iṣẹ́ kan ń bọ́ èkejì. Àwọn àgbà kan náà ló sọ pé ọ̀nà kan kò wọ ọjà.

Mi ò ní kí àwọn ọmọ fi ìwé sílẹ̀ o. Akọ̀ròyìn tí kò kàwé, kí ni yóò kọ? Ìṣirò ṣì jẹ́ dandan nílé mi. Ohun tí mo ń sọ ni pé kí á yé fi ohun tí ọmọ fẹ́ràn jẹ ẹ́ níyà.

Ohun kejì ló kan ilé ẹ̀kọ́ wa gan-an. Cukić lè fi orin Dylan sílẹ̀ ní Gẹ̀ẹ́sì, ó sì gbé e wálé. Àwa tó ń sọ Yorùbá pọ̀ ju àwọn tó ń sọ èdè Sẹ́bíà lọ fíìfíì. Ṣùgbọ́n nínú ọ̀pọ̀ ilé wa níhìn-ín, Yorùbá ni èdè ìkíni, èdè àdúrà àti èdè ìbáwí. Orin tí ọmọ fẹ́ràn, Gẹ̀ẹ́sì ló ni ín. Ta ni yóò wá fẹ́ èdè tó jẹ́ pé ìgbà tí wọ́n bá ń bá a wí ló ń gbọ́ ọ?

Mo dá gìtá padà, mo sì bẹ ọmọ mi kí ó mú orin kan tó fẹ́ràn, kí ó fi ẹsẹ kan nínú rẹ̀ sí Yorùbá. Ó gbìyànjú. Ó fẹ́ sọ pé òun fẹ́ wọ ọkọ̀, ṣùgbọ́n orin náà gòkè níbi tó yẹ kí ohùn ti lọ sílẹ̀, ọkọ̀ sì di ọkọ́. Màmá mi gbọ́ ọ lórí fóònù láti Ìbàdàn, wọ́n ní, "Ọkọ mi, ṣé ọkọ́ ni ẹ̀ ń wọ̀ lọ́hùn-ún ni?" Gbogbo wa rẹ́rìn-ín títí. Ó jókòó, ó yí orin náà padà títí ọkọ̀ fi jẹ́ ọkọ̀. Láti ọjọ́ yẹn, kò bi mí mọ́ pé kí ni àmì ohùn wà fún.

Ìmọ̀ràn mi nìyí fún ayẹyẹ ìparí sáà yìí. Kí ọmọ kọ̀ọ̀kan mú orin kan wá, orin yòówù kó jẹ́, kí ó fi Yorùbá sọ ìtàn rẹ̀: ta ló kọ ọ́, nígbà wo, kí ló dé? Ẹni tó bá lágbára, kí ó fi ìlà kan nínú rẹ̀ sí Yorùbá. Kí ẹ̀yin òbí náà sọ ìtàn rẹ́kọ́ọ̀dù tí ẹ jó sí níbi ìgbéyàwó yín.

Bí ẹ bá sì ti gbé gìtá tàbí ìlù ọmọ kan pamọ́ síbì kan, ẹ jọ̀wọ́, ẹ lọ gbé e jáde kí Sátidé tó dé.